Ìlà Mẹ́jọ Péré

Alder Falls, Michigan
Ọjọ́ kẹrin, oṣù Kejì, 2019

Sylvia ọmọ mi,

Èmi ni mo fi ẹsẹ̀ ara mi gbé ìwé rẹ lọ bá Dwyer, ọ̀gá ilé-ìwé rẹ. Kò wá bá mi ní ilé-ìkàwé, kò ránṣẹ́ pè mí, kò sì bi mí léèrè ohunkóhun. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi jẹ́ kí o gbà gbọ́ pé òun ló wá ká mi mọ́. Irọ́ ni. Ní ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, nínú oṣù Kẹta ọdún 1989, mo kó ọgbọ̀n ẹ̀dà ìwé tí o tò pọ̀ lórí ẹ̀rọ fọtokọ́pì wa fún àwọn ọmọ kíláàsì rẹ kúrò lórí pẹpẹ ilé-ìkàwé kọ́lẹ́ẹ̀jì, mo dì wọ́n sínú páálí, mo wọ bàtà yìnyín, mo sì gbé wọn sọdá lọ sí ọ́fíìsì rẹ̀. Mo sọ fún un pé iṣẹ́ oníṣẹ́ lo jí. Nígbà tí ọdún ẹ̀kọ́ parí, wọn ò gbà ọ́ padà sẹ́nu iṣẹ́.

Mo bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí láìkí ọ, nítorí pé bí mo bá kọ́kọ́ kí ọ, n óò máa kí ọ títí bébà yóò fi tán. Mo mọ ara mi. Ó yá, mo kí ọ wàyí. Ṣé àlàáfíà ni? Ẹ̀yìn tó ń dun Pekka ọkọ rẹ ńkọ́? Òtútù Tampere lọ́hùn-ún lókè òkun kò ní í mú yín o. Níbí, yìnyín ti dé ojú fèrèsé ilé ìdáná. Mo ń fi ṣọ́bìrì kó o, mo sì ń sinmi lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó dé ibi àpótí lẹ́tà. Etí mi ò gbọ́ tẹlifóònù mọ́, nítorí náà má bínú pé mo máa ń dákẹ́ lọ́jọ́ Àìkú tí o bá pè. Kì í ṣe ìbínú. N kì í gbọ́ ni.

O ó bi mí pé kí ló dé tó jẹ́ ìsinsìnyí. Obìnrin tó jókòó sórí àga mi àtijọ́ ní ilé-ìkàwé, Colleen Tervo, ló fà á. Kọ́bọ́ọ̀dù irin kan wà lẹ́yìn ọ́fíìsì níbẹ̀ tó jẹ́ pé ọwọ́ mi nìkan ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà. Ó pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá.

"Bàbá Hale," ó ní, "kí lẹ kó sínú kọ́bọ́ọ̀dù yìí? Ṣé wúrà ni?"

Mo ní, "Ìdọ̀tí ni."

"Ẹ wá kó ìdọ̀tí yín o. Tó bá fi máa di ìparí oṣù Karùn-ún tẹ́ ẹ ò tíì wá, màá pe alágbẹ̀dẹ kó wá já a. Àga ni mo fẹ́ tò síbẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́."

Láti ọjọ́ náà ni n kò ti sùn dáadáa. Ohun tí mo ṣe sí ọ ń dùn mí, Sylvia. Bí àyè bá wà, bá mi fi ìbọ̀sẹ̀ onírun àgùntàn kan ránṣẹ́, irú èyí tí ìyá rẹ máa ń hun. Ọdún kẹjọ rè é tí a ti sin ín, tí o ò sì tíì fi ẹsẹ̀ kan ilé yìí. Bí mo bá sọ pé kò dùn mí, irọ́ mìíràn nìyẹn.

Èmi ni bàbá rẹ,
Everett


Tampere
Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù Kejì, 2019

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú òtútù, ẹ kú àìrójú òkìtì yìnyín tí ẹ ń fi ṣọ́bìrì kó. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi í sílẹ̀ kó yọ́ fúnra rẹ̀. Àpótí lẹ́tà ò ní í sá lọ.

Mo ka lẹ́tà yín lẹ́ẹ̀mẹta. Ìgbà àkọ́kọ́, inú bí mi. Ìgbà kejì, mo sunkún. Ìgbà kẹta, mo rẹ́rìn-ín, nítorí pé ẹ̀yin nìkan lẹ lè tọrọ ìbọ̀sẹ̀ nínú lẹ́tà ìjẹ́wọ́. Ó ti wà ní ilé ìfìwéránṣẹ́, méjì ni mo fi ránṣẹ́.

Bàbá mi, ẹ ṣeun. Yálà Dwyer ló wá ni o, yálà ẹ̀yin lẹ lọ, ohun tí mo mọ̀ ni pé òfin lẹ tẹ̀ lé. Ohun tí kì í ṣe tèmi ni mo mú. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mí nígbà náà, mo rò pé tí inú èèyàn bá ti dáa, kò sí ohun tí kò lè ṣe. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé kò rí bẹ́ẹ̀, ẹ kò sì fi mí ṣe ojúsàájú nítorí pé ọmọ yín ni mí. Bàbá mélòó ló lè ṣe é?

Ẹ mọ̀ pé láti ìgbà náà, n kò tíì fi ọwọ́ kan ẹ̀rọ fọtokọ́pì rí? Ní orílẹ̀-èdè yìí, ìjọba ń san owó fún àwọn oǹkọ̀wé kí olùkọ́ lè ṣe ẹ̀dà ojú-ìwé díẹ̀ fún kíláàsì. Kò sí ẹni tó máa mú mi. Síbẹ̀, pátákó ni mò ń kọ gbogbo rẹ̀ sí. Riitta tá a jọ ń kọ́ni máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: "Sylvia, ṣé ẹ̀rọ yìí bu ẹ́ jẹ rí ni? Láti aago méje lo ti ń fi ṣọ́ọ̀kì kun ògiri bí ẹni tó ń kun ilé."

Mo ní, "Bàbá mi ló kọ́ mi."

Ó ní, "Kí bàbá ẹ wá san owó oògùn èjìká ẹ nígbà yẹn."

Ìròyìn kan wà tó máa mú inú yín dùn. Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù Karùn-ún, wọ́n fẹ́ kí n bá àwọn olùkọ́ tuntun ní ìlú yìí sọ̀rọ̀ lórí bó ṣe yẹ kí olùkọ́ lo iṣẹ́ oníṣẹ́. Nǹkan bí igba èèyàn ló máa wà níbẹ̀. Mo ti mọ ohun tí mo máa sọ. Ẹ̀yin ni mo máa sọ. Màá sọ fún wọn pé bàbá mi wà tó jẹ́ olùtọ́jú ilé-ìkàwé, tó gbé òfin lé ìwọ̀n kan, tó gbé ọmọ rẹ̀ obìnrin lé ìkejì, tó sì mú òfin. Màá sọ nípa aago tí kọ́lẹ́ẹ̀jì fi ta yín lọ́rẹ lọ́dún náà nítorí ìwà òtítọ́ yín. Ṣé ó ṣì ń ṣiṣẹ́?

Pekka kí yín. Ó ní ẹ̀yìn òun ti sàn, àfi tó bá di ẹrù gbígbé.

Ọmọ yín tó dúpẹ́ púpọ̀,
Sylvia


Alder Falls
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù Kẹta, 2019

Sylvia ọmọ mi,

Ìbọ̀sẹ̀ dé. Mo wọ ọ̀kan, mo wọ èkejì lé e. Ọlọ́run yóò fún ìwọ náà ní ẹni tí yóò bo ẹsẹ̀ rẹ. Mo dúpẹ́ pé o fèsì. Mo ti rò pé o ò ní í fèsì.

Aago náà ṣì ń ṣiṣẹ́. Ó fi ìṣẹ́jú mẹ́rin yá.

Mo lọ sí ilé-ìkàwé ní ọjọ́ Ẹtì láti lọ kó ohun tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù. N kò ṣí i. Mo kàn jókòó ti Colleen ni. Olùkọ́ kan láti ilé-ìwé girama wọlé, ó fẹ́ ṣe ẹ̀dà orí kan nínú ìwé fún ọmọ mẹ́rìnlélógún. Colleen fa fọ́ọ̀mù kan yọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bi í.

"Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

"Ọmọ ni mo fẹ́ fi kọ́."

"Ẹ ò ní í tà á?"

"Ta ni yóò rà á? Àwọn ọmọ tí mò ń bẹ̀ pé kí wọ́n kà á lọ́fẹ̀ẹ́!"

Colleen rẹ́rìn-ín, ó kọ ọ́ sílẹ̀. "Irú ìwé wo ni? Ìtàn àròsọ ni àbí ọ̀rọ̀ ìmọ̀?"

"Ọ̀rọ̀ ìmọ̀ ni. Ó dá lórí bí wọ́n ṣe ń wa irin níbí láyé àtijọ́."

"Báwo ló ṣe pọ̀ tó?"

"Ojú-ìwé mọ́kànlá nínú ọ̀ọ́dúnrún."

"Ìkẹyìn nìyí. Bí ẹ bá ṣe ẹ̀dà yìí, ṣé ẹnì kan wà tí ì bá ra ìwé náà tí kò ní í rà á mọ́?"

"Màdáàmù, a ò rí i rà mọ́ láti ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Mo wá a títí."

"Ó dáa. Ẹ kọ orúkọ oǹkọ̀wé àti ibi tí ẹ ti mú un sí ojú-ìwé àkọ́kọ́. Ẹ buwọ́ lu ibí."

Gbogbo rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú méje lọ. Nígbà tí olùkọ́ náà jáde, Colleen wo ojú mi. "Bàbá Hale, kí ló dé tẹ́ ẹ fi le ojú koko báyìí? Ẹ̀yin lẹ ṣe fọ́ọ̀mù yìí o. Orúkọ yín wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ọdún 1984."

Òótọ́ ni. Èmi ni mo ṣe é. Mo gbà pé nígbà tí òfin bá dáàbò bo oǹkọ̀wé, ó tún ṣí ilẹ̀kùn kékeré kan sílẹ̀ fún olùkọ́ àti fún ilé-ìkàwé, a sì ń pe ilẹ̀kùn náà ní ìlò tó tọ́. Ìbéèrè mẹ́rin yẹn ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Èèyàn kì í ka iye èyí tó gbè é. Ìwọ̀n ni, gbogbo rẹ̀ la ń gbé papọ̀.

Sylvia, má fi mí ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn olùkọ́ yẹn. Wá ẹlòmíràn sọ.

Bàbá rẹ


Tampere
Ọjọ́ karùn-ún, oṣù Kẹrin, 2019

Bàbá mi,

Ẹ kú ìrẹ̀lẹ̀ o! Ó ti pọ̀ jù. Mo ti kọ ọ̀rọ̀ náà tán, ẹ̀yin ló wà ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹ̀yin ló wà ní ìparí. Riitta kà á, ó ní òun kò rí bàbá tó le báyìí rí, ó tún ní òun ì bá fẹ́ láti bá yín mu kọfí.

Lẹ́tà kan dé bá mi, mo sì ní láti bi yín. Ẹ rántí Dale Kangas? Ọmọ kíláàsì mi ni, ọmọ tó máa ń jókòó sẹ́yìn tí kì í sọ̀rọ̀. Ó ti di páḿbà báyìí, ó ń tún páìpù omi ṣe níbẹ̀ ní Alder Falls. Ó rí àdírẹ́sì mi lọ́dọ̀ ẹnì kan. Ó ní ọmọ òun obìnrin ń bi òun bí ayé ṣe rí lọ́dún tí ibi ìwakùsà kógbá sílé, òun sì rántí pé òun kọ nǹkan kan nípa bàbá òun sínú ìwé wa. Bàbá rẹ̀ ti kú. Ẹ rántí pé bí mo ṣe tò ó nìyẹn: ojú-ìwé tí mo mú láti inú ìwé oníwèé ní apá òsì, èsì tí ọmọ kan kọ sí i ní apá ọ̀tún. Ó ní, "Mísì, ṣé ìwé wa ṣì wà níbì kan?"

Mo mọ̀ pé ẹ sọ fún mi pé ẹ da gbogbo rẹ̀ sínú iná ìléru kọ́lẹ́ẹ̀jì. Mo kàn ní kí n bi yín ni. Bí ẹ bá rántí ìlà kan péré nínú ohun tí ọmọ yẹn kọ, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi.

Sylvia yín


Alder Falls
Ọjọ́ kọkànlá, oṣù Kẹrin, 2019

Sylvia,

Mo san owó kí lẹ́tà yìí lè yára. Jọ̀wọ́, kà á kí o tó dìde sọ̀rọ̀ mi níwájú igba èèyàn.

Òfin kò sọ pé kí n ṣe ohun tí mo ṣe sí ọ. Ìwọ lo tọ̀nà. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ náà gan-an.

Jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Nínú oṣù Kejì ọdún náà, lẹ́tà kan dé sí kọ́lẹ́ẹ̀jì láti ọ̀dọ̀ agbẹjọ́rò àwọn atẹ̀wé kan. Kò kàn ọ́. Olùkọ́ wa kan ló ti ń ṣe ẹ̀dà odidi ìwé lọ́dọọdún, tó ń jẹ́ kí ṣọ́ọ̀bù fọtokọ́pì tó wà nítòsí tà á fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ìyẹn kò tọ́ rárá, wọ́n sì dá a dúró. Ṣùgbọ́n ààrẹ kọ́lẹ́ẹ̀jì pe àwa olórí ẹ̀ka jọ, ó ní ẹni tó bá tún mú irú lẹ́tà yẹn wá, kó máa palẹ̀ mọ́. Ó ku ọdún méjì kí n fẹ̀yìn tì. Mo padà sí ilé-ìkàwé, ohun àkọ́kọ́ tí mo rí lórí pẹpẹ ni ìwé rẹ, pẹ̀lú orúkọ rẹ lára rẹ̀: Hale. Orúkọ tèmi. Mo ń gbọ́ ọ létí bí wọ́n ṣe máa sọ ọ́: ó mú ti ẹlòmíràn, ó fi ti ọmọ rẹ̀ sílẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé, mo ti ilẹ̀kùn, mo mú fọ́ọ̀mù mi, mo sì fi pẹ́ńsù dáhùn rẹ̀ nípa ìwé rẹ. Kí lo fi ṣe? Ọmọ ni o fi kọ́, o kò gba kọ́bọ̀, o sì mú kí àwọn ọmọ fi iṣẹ́ tiwọn dáhùn iṣẹ́ ẹni ẹlẹ́ni. Èyí tẹ̀ sọ́dọ̀ rẹ gidigidi. Irú iṣẹ́ wo ni? Mẹ́rin jẹ́ ọ̀rọ̀ ìmọ̀, ọ̀kan jẹ́ ewì. Ìyẹn kò tẹ̀ síbì kan. Báwo ló ṣe pọ̀ tó? Ojú-ìwé mẹ́ta níbí, mẹ́rin lọ́hùn-ún. Ewì yẹn nìkan lo mú tán pátápátá, ìlà mẹ́rìnlélógún. Níbẹ̀ ló ti tẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀. Ta ló pàdánù ọjà? Kò sẹ́ni kankan. Mo gbé gbogbo rẹ̀ wò, mo sì kọ ọ́ sísàlẹ̀, ó ṣì wà níbẹ̀ títí dòní: "Ó tọ́. Kí ó dín ewì kù sí ìlà mẹ́jọ."

Ìlà mẹ́jọ péré. Ká ní mo sọ ọ́ fún ọ nídìí oúnjẹ alẹ́ ọjọ́ náà, ìwọ ì bá mú àlùmọ́gàjí, ì bá sì tán síbẹ̀. A jókòó. Ìyá rẹ yan pásítì ẹlẹ́ran. O ń sọ fún wa nípa àwọn ọmọ yẹn tìdùnnú tìdùnnú. Mo ń jẹun.

Lọ́jọ́ kejì, mo kọ ìwé mìíràn fún Dwyer, mo fi báírò kọ ìyẹn. Ìwọ ti mọ ohun tó wà níbẹ̀.

Ohun tó ń pa mí lẹ́kún ni pé òfin yẹn fúnra rẹ̀ ní àánú. Ó sọ ọ́ kedere pé bí olùkọ́ tàbí òṣìṣẹ́ ilé-ìkàwé bá fi òótọ́ inú gbà pé òun tọ̀nà, tí ìdí sì wà fún un, kódà bó bá ṣìnà, ilé-ẹjọ́ kò gbọdọ̀ bu owó ìtanràn ńlá lé e. Òfin ṣàánú rẹ, Sylvia. Èmi ni n kò ṣàánú. Wọ́n sì fún mi ní aago.

N kò da gbogbo rẹ̀ síná. Mo yọ ẹ̀dà kan, èyí tí àwọn ọmọ fi ọwọ́ ara wọn kọ èsì sí. Òun àti fọ́ọ̀mù náà ló wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù irin. N kò lè sun ún, n kò sì lè fún ọ. Mo ti há ti ọmọ Kangas sórí, ó kọ ọ́ báyìí: "Bàbá mi padà wálé láàárọ̀ pẹ̀lú agolo oúnjẹ rẹ̀. Kò tíì ṣí i. Màámi ní ká jẹ ẹ́ lọ́sàn-án bí ẹni tó lọ sí ìrìnàjò."

O dúpẹ́ lọ́wọ́ mi nítorí òtítọ́ mi. N kò lè gbé ọpẹ́ yẹn mọ́. Gbà á padà.

Everett


Alder Falls
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Karùn-ún, 2019

Sylvia ọmọ mi,

Ọjọ́ kẹwàá ti kọjá. N kò mọ̀ bóyá lẹ́tà mi dé kí o tó sọ̀rọ̀. Ilé ìfìwéránṣẹ́ ní wọ́n ti fi í lé ọ lọ́wọ́, pé ẹnì kan buwọ́ lù ú.

Mo ti ṣí kọ́bọ́ọ̀dù náà. Colleen dúró tì mí. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Mo rò pé yóò lé mi jáde. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ka fọ́ọ̀mù yẹn láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó wá sọ pé, "Bàbá Hale, èyí ni fọ́ọ̀mù tó dára jù tí mo tíì rí. Ẹ mọ iṣẹ́ yín o. Ẹ̀rù ló bà yín." Lẹ́yìn náà ló bú mi. Mo dúpẹ́ fún méjèèjì.

Ìwé náà wà lórí tábìlì ilé ìdáná. N kò tíì fi ránṣẹ́, nítorí n kò mọ̀ bóyá o ṣì fẹ́ gba nǹkan kan lọ́wọ́ mi. Mo mú aago kúrò lára ògiri. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ rẹ̀ pọ̀.

Bí o bá fẹ́ bú mi, jọ̀wọ́ bú mi. Má kàn dákẹ́.

Bàbá rẹ


Tampere
Ọjọ́ ọgbọ̀n, oṣù Karùn-ún, 2019

Bàbá,

Lẹ́tà yín ti oṣù Kẹrin dé ní ọjọ́ mẹ́rìndínlógún ṣáájú ọjọ́ tí mo sọ̀rọ̀. N kò fèsì nítorí pé gbogbo èyí tí mo kọ, yíya ni mo ń ya á.

Ìlà mẹ́jọ! Ẹ̀ bá sọ fún mi. Ǹ bá gé e níbi tábìlì kí pásítì tó tutù. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi gbà pé olè ni mí. Mo kó lọ sí òdìkejì ayé nítorí pé n kò lè kọjá níwájú ilé-ìwé yẹn. Màámi kú, ó sì ń rò pé mo ṣe ohun tó burú. Ìyẹn ni mo fẹ́ kí ẹ máa rántí, kì í ṣe tèmi. Ó bi mí léèrè lórí ibùsùn pé, "Sylvia, ó ti tán, àbí? O ò ṣe é mọ́?" Mo ní, "Rárá, Màámi, n kò ṣe é mọ́."

Ẹ ó fẹ́ mọ ohun tí mo sọ ní ọjọ́ kẹwàá. Mo ya ọ̀rọ̀ tí mo ti kọ. Mo dúró síwájú wọn, mo sọ òótọ́. Mo ní bàbá mi gbé ìwé mi lé ìwọ̀n, ìwọ̀n sì gbè mí, ó wá gbé ìwọ̀n náà pamọ́. Mo sọ fún wọn pé olùkọ́ tó bẹ̀rù jù máa ń fi ebi pa ọmọ bí olùkọ́ tó ń jalè ṣe ń pa oǹkọ̀wé. Mo ní kí wọ́n máa béèrè, kí wọ́n máa wọ̀n ọ́n, kí wọ́n sì kọ orúkọ oníṣẹ́ sí i. Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀, Riitta di èjìká mi mú, èyí tó ń dùn mí yẹn, ó ní, "Ó yá, ká lọ síbi ẹ̀rọ." Mo ṣe ẹ̀dà ojú-ìwé méjì fún kíláàsì mi. Ó gbóná lọ́wọ́ mi bí búrẹ́dì. Mo sunkún níwájú ẹ̀rọ fọtokọ́pì, Bàbá, èmi àgbàlagbà bàǹtà-banta.

Inú ṣì ń bí mi. Yóò ṣì máa bí mi fún ìgbà díẹ̀, ẹ jẹ́ kó bí mi. Ṣùgbọ́n mo dúpẹ́. Ẹ ṣeun tí ẹ sọ ọ́ nígbà tí ẹ lè dákẹ́ kí ẹ sì mú ọpẹ́ mi lọ sí sàréè. Ẹ kò lè mọ bí ara mi ṣe fúyẹ́ tó.

Ẹ má tíì fi ìwé náà ránṣẹ́. Ẹsẹ̀ tí ẹ fi lọ bá Dwyer, òun náà ni kí ẹ fi lọ bá ìgbìmọ̀ ilé-ìwé. Lẹ́yìn náà, kí ẹ lọ bá Dale. Kí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá fún mi ní tèmi.

N kò tíì mọ̀ bóyá mo máa wá sílé nígbà ìwọ́wé. Ẹ má bi mí.

Sylvia


Alder Falls
Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù Kẹfà, 2019

Sylvia ọmọ mi,

Mo lọ. Ẹsẹ̀ náà ni mo fi lọ, àmọ́ ó lọ́ra ju ti ìgbà yẹn.

Dwyer ti kú, o mọ̀. Obìnrin kan tí n kò mọ̀ rí ló ń darí ìgbìmọ̀ báyìí. Nígbà tí mo sọ̀rọ̀ tán, ó ní, "Ọ̀gbẹ́ni Hale, ọgbọ̀n ọdún nìyí. Kí lẹ fẹ́ ká ṣe sí i?" Mo ní kí wọ́n ṣáà kọ ọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí wọ́n kọ nígbà náà, kí ẹni tó bá ka ọ̀kan lè ka èkejì. Wọ́n kọ ọ́. Akọ̀wé wọn kà á sókè: pé Sylvia Hale kò gba ohun tí kì í ṣe tirẹ̀, pé olùtọ́jú ilé-ìkàwé mọ̀, pé ó purọ́. Mo ní kí ó tún un kà, nítorí etí mi.

Mo bá Dale Kangas lábẹ́ síǹkì ilé oúnjẹ kan. Ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ni mo rí.

"Ta nìyẹn?" ó ní.

"Èmi tó gba ìwé yín lọ́wọ́ Mísì Hale ni."

Ó yọ jáde, ó nu ọwọ́. Mo gbé ìwé náà jáde. Mo fún un. Ó jókòó sílẹ̀ láàárín àwọn páìpù, ó sì kà á, ẹnu rẹ̀ ń mì. Nígbà tó dé ibi agolo oúnjẹ, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Ó ní, "Àṣé mo mọ̀wé kọ báyìí! Kí ni mò ń ṣe nídìí páìpù?" A jọ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló béèrè pé, "Bàbá, ṣé àyè wà kí n ṣe ẹ̀dà rẹ̀ fún ọmọ mi?"

Ìbéèrè yẹn ló là mí lójú, Sylvia. Mo ní, "Ìwọ lo kọ ọ́. Èmi ló yẹ kí n tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ." Ní gbogbo ọdún yẹn, nínú ìwé yẹn látòkè délẹ̀, iṣẹ́ kan ṣoṣo ni ẹnìkan mú láìtọ́: iṣẹ́ àwọn ọmọ méjìlélógún tó kọ èsì, tí mo tì mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù. Olè wà níbẹ̀ lóòótọ́. Kì í ṣe ìwọ.

Dale sì ti ń wá àwọn yòókù. Ó ti rí mẹ́sàn-án. Bí wọ́n bá gbà, Colleen yóò fi ẹ̀dà kan sí ilé-ìkàwé, lórí pẹpẹ kan náà. Ó fún mi ní fọ́ọ̀mù pé kí n dáhùn ìbéèrè mẹ́rin náà nítorí ojú-ìwé àwọn oǹkọ̀wé. Ó ní, "Ẹ kọ ọ́, Bàbá. Ọwọ́ yín ló mọ̀ ọ́n." Mo fi báírò kọ ọ́. Níbi ewì náà, ìlà mẹ́jọ péré la óò fi síbẹ̀.

Èyí tó wà nínú páálí yìí ni ti àkọ́kọ́, ìlà mẹ́rìnlélógún rẹ̀ pé síbẹ̀. Pín-ín-nì tí o fi so ó pọ̀ ti dógùn-ún, ṣọ́ra fún ìka rẹ. Fọ́ọ̀mù onípẹ́ńsù wà lókè. Bí pẹ́ńsù rẹ̀ bá ti ń parẹ́, gbé e sún mọ́ fèrèsé, yóò hàn.

N kò béèrè nípa ìwọ́wé. Mo dúpẹ́ pé o gba lẹ́tà mi, mo dúpẹ́ pé o bínú, mo dúpẹ́ fún búrẹ́dì tó gbóná lọ́wọ́ rẹ yẹn.

Ó yá, ọmọ mi. Na ọwọ́. Tìrẹ nìyí.

Everett, bàbá rẹ